Brazos Bend, Huntsville àbí Enchanted Rock: ọgbà wo ni kí ẹ kọ́kọ́ kó ẹbí lọ pàgọ́ sí?

Àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Houston àti agbègbè rẹ̀, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ kó ọmọ lọ sun inú àgọ́ ní ọgbà ìpínlẹ̀ Texas, orúkọ mẹ́ta ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́: Brazos Bend, Huntsville, àti Enchanted Rock. Mo ti sùn ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi àti ọkọ mi la jọ lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ wa mẹ́ta, tí àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún 13 tí àbígbẹ̀yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún 4, àti ìyá ọkọ mi tó wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wa láti Abẹ́òkúta. Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra jù nínú ẹbí ni kí ẹ wò kí ẹ tó yan ọgbà. Ẹ má fi àwòrán tó rẹwà jù lórí fóònù yàn án.

Àwòrán la fi yan tiwa nígbà àkọ́kọ́. Ọmọ mi àgbà ló fi fọ́tò Enchanted Rock han ìyá bàbá rẹ̀. Bí Màámi ṣe rí i, wọ́n pariwo: "Olúmọ rèé o! Ta ló gbé e dé Amẹ́ríkà?" Ọmọ Ìkìjà ni wọ́n, ẹsẹ̀ Olúmọ ni wọ́n dàgbà sí. Láti ọjọ́ náà, kò sí bí a ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé ibòmíràn la ń lọ.

Wọn ò purọ́ o. Àpáta gíránáìtì kan ṣoṣo ni, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó yọ láti inú ilẹ̀ gbàràgàdà bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. Ó fi ẹsẹ̀ bàtà 425 ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Ọ̀nà tó gun orí rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.8 máìlì lọ, ọmọ tó lágbára á sì dé òkè láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n Olúmọ ní àtẹ̀gùn. Èyí kò ní. Kò sí ibi ìdìmú, kò sí ìbòòji, òkúta lásán ni, ó sì ń dagun bí ẹ ṣe ń lọ.

Oṣù karùn-ún la lọ, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ sì ti lù. Màámi rìn dé ibi tí erùpẹ̀ ti parí tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan òkúta náà, wọ́n sì tètè gbé ọwọ́ kúrò nítorí ó ti gbóná. "Orúnkún mi ò gbà," ni wọ́n wí. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi tó kẹ́yìn. Èmi náà jókòó tì wọ́n, àbígbẹ̀yìn wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ń sunkún pé òun fẹ́ tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n òun. Odindi wákàtí méjì la fi ń wo ọkọ mi àti àwọn ọmọ méjì yòókù lókè réré, wọ́n kéré bí èèrà. Wákàtí tó lé ní mẹ́rin la fi wakọ̀ dé ibẹ̀, ìdajì ẹbí wà lókè, ìdajì wà nísàlẹ̀.

Ọgbà náà kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ibi tó dára gidigidi ni fún ẹbí tí gbogbo ọmọ wọn ti lé ní ọdún mẹ́jọ, tí kò sí ẹni tí orúnkún ń dùn. Àwa la gbé ìrìn kẹta ṣáájú ìrìn àkọ́kọ́.

Bí ọ̀nà wọn ṣe jìn sí

Brazos Bend ló sún mọ́ wa jù. Láti àárín ìlú Houston, nǹkan bíi wákàtí kan ni. Ẹni tó ń gbé Sugar Land, Missouri City tàbí Richmond, níbi tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, kò ní lò tó bẹ́ẹ̀. Huntsville wà ní nǹkan bíi 70 máìlì sí àríwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà I-45, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni bí ọ̀nà bá dá. Enchanted Rock ní tirẹ̀, ẹ ó dé Fredericksburg ná, ẹ ó tún wakọ̀ bíi 18 máìlì sí i. Wákàtí mẹ́rin ó lé ni, kí ẹ tó ka ìgbà tí ọmọ ní òun fẹ́ tọ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Ìgbà kejì tí a pàgọ́, Brazos Bend ni. Òjò dé láago kan òru, omi sì wọ inú àgọ́ wa láti ìsàlẹ̀, nítorí a tẹ́ ẹ sí ibi tó rẹ̀ kòtò. A fi aṣọ ìbora yí àwọn ọmọ, a kó wọn sínú ọkọ̀, kó tó di aago mẹ́ta olúkúlùkù ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ká ní Enchanted Rock ni, inú ọkọ̀ la ò bá jókòó sí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹbí tí kò tíì pàgọ́ rí, ibi tí wọ́n lè ti padà sílé lóru ló yẹ wọ́n.

Omi

Ibi tí ọgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yàtọ̀ síra jù nìyí, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti lè léwu jù.

Ní Brazos Bend, omi pọ̀: Elm Lake, 40-Acre Lake, Creekfield Lake. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ọ̀nì ló ni omi náà. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè sá o. Ọ̀nì Texas máa ń sùn sí etí omi, ó máa ń yá oòrùn, ẹ ó rí i bí igi tó wó, àfi ìgbà tó bá ṣẹ́jú. Òfin ọgbà ni pé kí ẹ jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà 30 ó kéré tán, kí ẹ má sì fún un lóúnjẹ láéláé, torí ọ̀nì tó bá ti jẹun lọ́wọ́ ènìyàn kò bẹ̀rù ènìyàn mọ́. Ọmọ kékeré kò gbọ́dọ̀ ṣáájú yín lójú ọ̀nà etí omi. Èmi a máa di ọwọ́ àbígbẹ̀yìn mú láti ìgbà tí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ títí a ó fi padà síbẹ̀.

Ní Huntsville, wọ́n gbà kí ènìyàn lúwẹ̀ẹ́. Lake Raven ni orúkọ adágún náà, ó tó nǹkan bíi 210 éékà, wọ́n sì fi ààmì pààlà ibi tí àwọn ọmọ ti lè wọ omi. Ẹ gbọ́ méjì yìí dáadáa: kò sí olùṣọ́ tí yóò bẹ́ sómi gba ọmọ yín, ọ̀nì sì wà nínú adágún yìí náà, bí kò tilẹ̀ pọ̀ tó ti Brazos Bend. Ibi tí wọ́n pààlà sí ni kí ẹ dúró sí. Ọmọ tí kò mọ omi wẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́ ní jákẹ́ẹ̀tì òléfòó láti etí bèbè. Àgbà kan gbọ́dọ̀ wà tí kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn ju kó máa wò wọ́n lọ, kí fóònù rẹ̀ sì wà lápò. Ẹ tún lè yá ọkọ̀ ojú omi kékeré, kí ẹ máa wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọkọ mi àti ọmọ wa àgbà lo ọ̀sán kan lójú omi yẹn. Ohun tí wọ́n bára wọn sọ, mi ò bi wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ọmọ náà ń rín bọ̀, ọmọ tí kì í yọ etí nínú fóònù nílé.

Ẹja pípa wà fún ẹni tó bá fẹ́. Ní ọgbà ìpínlẹ̀ Texas, ẹni tó bá ti orí ilẹ̀ ju ìwọ̀ sómi kò nílò ìwé àṣẹ. Òfin tó ṣàánú tálákà ni.

Enchanted Rock kò ní omi tí ọmọ lè fi ṣeré tó bẹ́ẹ̀. Odò kékeré tó ń jẹ́ Sandy Creek wà níbẹ̀, ìgbà mìíràn yanrìn nìkan lẹ ó bá. Lórí àpáta gan-an, òjò máa ń gbá jọ sínú àwọn kòtò pẹlẹbẹ, àwọn ẹ̀dá omi tíńtìntín sì ń gbé inú rẹ̀ tí ẹyin wọn lè dúró de òjò mìíràn nínú ẹ̀gbẹlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tẹ inú rẹ̀. Omi mímu ni kí ẹ gbé lọ́pọ̀lọpọ̀, ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹsẹ̀

Ilẹ̀ Brazos Bend tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ọ̀nà tó yí Creekfield Lake ká kò ju ìdajì máìlì lọ, wọ́n sì ṣe é kí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà á kọjá. Yíyí 40-Acre Lake ká jẹ́ nǹkan bíi 1.2 máìlì, ilé ìṣọ́ onípátákó kan sì wà lọ́nà rẹ̀ tí ènìyàn lè gùn láti wo gbogbo àyíká. Ti Elm Lake jẹ́ bíi 1.7. Bẹ́ǹṣì wà káàkiri.

Elm Lake yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ni, kùrukùru ṣì wà lójú omi. Irú ẹyẹ funfun tí a mọ̀ sí lékeléke nílé, òun àti àwọn ìbátan rẹ̀, pọ̀ níbẹ̀ bí òwú. Bí ọ̀wọ́ kan ṣe gbéra lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n fò kọjá lórí wa, Màámi dúró sójú kan, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n la ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀, wọ́n ń mi èékánná sí àwọn ẹyẹ náà bí a ti ń ṣe lọ́mọdé, kí lékeléke lè fún wa ní èékánná funfun. Àwọn ọmọ mi kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n kọ́kọ́ wo ìyá àgbà, wọ́n wo ara wọn, ni àwọn náà bá na ọwọ́. Àbígbẹ̀yìn ń wo èékánná rẹ̀ títí a fi dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tó yá ni mo sọ fún wọn pé lékeléke gan-an kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, Áfíríkà ló ti fò kọjá òkun wá ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún 19. Gúúsù Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ balẹ̀ sí, kó tó tàn dé ìhín. Màámi ní, "Àjòjì bíi tèmi." Wọ́n rin gbogbo Elm Lake yíká lọ́jọ́ náà, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń dìde, kò sì sí ẹni tó fi wọ́n sílẹ̀.

Igbó igi ahóyaya ni Huntsville, àárín igbó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sam Houston ló sì wà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ tó nǹkan bíi 21 máìlì lápapọ̀. Ilẹ̀ ń gòkè díẹ̀, ó ń sọ̀ díẹ̀, gbòǹgbò igi sì pọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà kì í ṣe ibi sálúbàtà. Ẹni tó bá fẹ́ yí adágún ká yóò rìn tó máìlì méje. Ọmọ ọdún 9 mi rìn ín já, ó fi bàtà rẹ̀ gbá gbòǹgbò lẹ́ẹ̀mẹta. Màámi kò gbà á, wọ́n jókòó sétí omi, wọ́n bá obìnrin ará Mẹ́síkò kan tó ń pẹja ṣeré láìgbọ́ èdè ara wọn.

Ìtàn Huntsville wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí aláwọ̀ dúdú sọ fún ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, Ààrẹ Roosevelt dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan sílẹ̀, Civilian Conservation Corps, tó kọ́ ọgbà káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn tó ṣiṣẹ́ Huntsville, ọ̀wọ́ 1823 ni, ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó ti ja Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọ́n mọ ìdídò, ìyẹn ògiri tó sé omi adágún náà, wọ́n kọ́ ilé. Ìkún omi ọdún 1940 ya ìdídò náà, ó sì di ọdún 1956 kí ọgbà tó ṣí fún ará ìlú. Àkókò tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ náà, òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ṣì ń jà ní Texas. Nígbà tí ẹ bá dúró nídìí ilé tí wọ́n kọ́ létí Lake Raven, ẹ fi ọwọ́ kàn án, kí ẹ sì sọ fún ọmọ yín ẹni tó kọ́ ọ.

Òru

Ẹ̀rù òru ló ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa. Wọ́n ní kí ni ẹni tó ní ilé ń wá nínú igbó. Mi ò bá wọn jà sí i, igbó ibi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, ọdẹ ló ń sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àgọ́ nìkan ló wà. Brazos Bend àti Huntsville ní ilé kékeré kan tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ṣe fèrèsé rẹ̀ yíká: ilẹ̀ rẹ̀ le, òrùlé wà lórí rẹ̀, iná mànàmáná wà nínú rẹ̀, kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì aláfẹ́fẹ́ àti fáànù dání, ó tán. Fún ẹbí tó ní àgbàlagbà, òun ni mo máa ń ní kí wọ́n gbà. Màámi kò sùn nínú àgọ́ ní Enchanted Rock, wọ́n kàn dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ mọ́ ni. Nínú ilé nẹ́ẹ̀tì Huntsville, mo gbọ́ tí wọ́n ń hanrun.

Enchanted Rock kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Àgọ́ nìkan ni, ẹ ó sì gbé ẹrù yín láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé ibi tí ẹ ó ti pa á. Síbẹ̀, ìràwọ̀ ibẹ̀ kò láfiwé, ìmọ́lẹ̀ ìlú kò dé ibẹ̀ bo ojú ọ̀run. Àwọn ọmọ onílẹ̀ àtijọ́, Tonkawa, Apache, Comanche, bọ̀wọ̀ fún àpáta náà, wọ́n sì máa ń sọ pé ó ń kérora lóru. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé òkúta tó gbóná lọ́sàn-án ló ń sún kì nígbà tó bá ń tutù. Ní Brazos Bend, ẹ lè wo ìràwọ̀ ní George Observatory, èyí tí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Houston ń mójú tó nínú ọgbà náà láti ọdún 1989. Alẹ́ Sátidé ni wọ́n sábà máa ń gba àlejò.

Ẹ̀fọn Brazos Bend kì í ṣeré, oògùn ìparà ni. Ní ti àsìkò, ẹ fi oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án sílẹ̀ bí ẹ kò bá ní iná fún fáànù. Òtútù díẹ̀ sàn ju ooru Texas nínú àgọ́ lọ. Ẹ bojú wo ilẹ̀ fún ejò, kí ẹ sì kọ́ ọmọ láti mọ ewé kan tí wọ́n ń pè ní poison ivy, tó máa ń yọ mẹ́ta-mẹ́ta, tí ara ẹni tó bá kàn án yóò wú, tí yóò máa yún un ju wèrèpè lọ.

Oúnjẹ àti owó

Gaàrí Ìjẹ̀bú ni ọba oúnjẹ àgọ́: omi tútù, ẹ̀pà, ṣúgà, kò sí ìkòkò tí ẹ ó fọ̀. Mọ́ínmọ́ín tó dì láti inú fíríìsà nílé yóò máa tu kúlà lọ́nà, ẹ ó wá gbé e kaná ní alẹ́. Iṣu ni a sun lórí èédú, a sì fi epo pupa jẹ ẹ́. Ẹ má ṣa igi nínú ọgbà, òfin kò gbà á. Ẹ ra igi tàbí èédú, kí ẹ sì mú sítóòfù gáàsì kékeré dání, torí nígbà ọ̀dá wọ́n lè fòfin de iná dídá. Ọtí kò gbọ́dọ̀ hàn níta. Kó tó di pé ẹ sùn, ẹ ti gbogbo oúnjẹ mọ́ inú ọkọ̀. Ẹranko tí wọ́n ń pè ní raccoon mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdérí kúlà. Ó fi ọwọ́ kó àkàrà wa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ènìyàn, a ń wò ó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Owó ìwọlé Brazos Bend àti Huntsville jẹ́ dọ́là 7 fún àgbà kan lójúmọ́, ti Enchanted Rock jẹ́ 8. Ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ kì í san. Owó ibi tí ẹ ó sùn yàtọ̀ sí èyí. Àwa mẹ́rin là ń sanwó nínú ẹbí wa, dọ́là 28 lójúmọ́, ọjọ́ méjì 56. Dọ́là 70 ni káàdì ọdọọdún ọgbà ìpínlẹ̀ Texas nígbà tí a rà á, gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ oní káàdì ló sì ń wọlé láìsan. Ìrìn kejì la ti jèrè rẹ̀.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ tèmi: Brazos Bend ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, pàápàá bí màmá tàbí bàbá bá wà pẹ̀lú yín. Huntsville ni kí ẹ lọ sùn ní alẹ́ méjì nígbà tí àwọn ọmọ bá ti mọ bí òru igbó ṣe ń rí. Enchanted Rock, ẹ jẹ́ kí àbígbẹ̀yìn dàgbà díẹ̀.

Ẹ lè gba àyè oṣù márùn-ún ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì dúró di ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó lọ, torí Sátidé máa ń kún. Tí máàpù bá ṣí, ẹ wo ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà kankan. Ibi tó sún mọ́ ọn ni kí ẹ mú, bí kò tilẹ̀ kọjú sí omi. Màámi dìde lẹ́ẹ̀mẹta lóru àkọ́kọ́ ní Huntsville, ìṣísẹ̀ ogójì péré ni, mo fi tọ́ọ̀ṣì kà á fún wọn.